Ọmọ fẹ́ kọ́ gìtá: ṣé alápòótí ni ká kọ́kọ́ rà ni, tàbí oníná?

Olùbéèrè, Ìjerò-Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá olórin àti ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún 13, ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ọ̀dọ́ ní ìjọ wa, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀ mí pé kí n ra gìtá fún òun. Mo ti múra tán láti rà á, ṣùgbọ́n owó tó wà lọ́wọ́ mi kò lè ra ju ẹyọ kan lọ, bẹ́ẹ̀ ni ohùn àwọn tí mo bi léèrè kò ṣọ̀kan. Àwọn kan ní dandan ni kí ó fi gìtá alápòótí bẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn olórin ń pè ní box guitar, nítorí pé ẹni tí kò bá fi í bẹ̀rẹ̀ kò ní mọ gìtá í ta dáadáa láéláé. Àwọn mìíràn ní okùn rẹ̀ yóò bó o níka, yóò sì pa á tì kí ó tó mọ nǹkan kan. Ohun tí ọmọ fúnra rẹ̀ sọ ni pé òun fẹ́ máa ta á nínú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, kí òun sì máa fi dánra wò nílé lálẹ́. Iná kì í dúró ládùúgbò wa, ẹ sì mọ̀ pé owó epo bẹntiróòlù ti kọjá ohun tí a ń torí gìtá tan jẹnẹrétọ̀ sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ: kí ni kí n rà, kí sì ni kí n máa yẹ̀ wò lára rẹ̀ tí mo bá dé ọjà?

Ọ̀gá akọrin, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Arábìnrin, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Èmi wà lára àwọn tó gbà pé alápòótí ló yẹ ọmọ yín, ọ̀rọ̀ iná tí ẹ mẹ́nu bà sì ni ìdí mi àkọ́kọ́. Inú ara gìtá alápòótí ni ohùn rẹ̀ wà. Bí okùn bá ti gbọ̀n, egungun tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lórí afárá (igi kékeré ojú gìtá tí ìdí okùn so mọ́) a gbé gbígbọ̀n náà fún pátákó ojú gìtá, pátákó a mi afẹ́fẹ́ inú àpótí, ohùn a sì jáde. Kò béèrè wáyà, kò béèrè amplifier, kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá iná wà. Ọmọ tó bá lè na ọwọ́ mú gìtá rẹ̀ lára ògiri ní ìrọ̀lẹ́, tí ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í ta á lójú ẹsẹ̀, yóò fi ọwọ́ kàn án lọ́pọ̀ ìgbà ju ọmọ tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ihò iná lọ, ọwọ́ tó bá sì ń kàn án lemọ́lemọ́ ni ọwọ́ tó ń mọ̀ ọ́n.

Ní ti ìka tó ń dùn, òótọ́ ni, kò sì sí ẹni tí kò dùn níbẹ̀rẹ̀. Awọ orí ìka a máa le láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń ta gìtá fún ìṣẹ́jú 15 tàbí 20 lójoojúmọ́. Ẹni tó bá fi gbogbo ọ̀sẹ̀ sílẹ̀, tó wá jókòó tì í fún wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé, ni ìka rẹ̀ máa ń bó. Àwọn ọmọdé tí mo ti rí tí wọ́n pa gìtá tì, mélòó nínú wọn ni ìka lé sá? Ohun tó lé ọ̀pọ̀ wọn sá ni gìtá tí okùn rẹ̀ ga jù sókè ọrùn, tí àgbàlagbà pàápàá kò lè tẹ̀.

Olórin jùjú, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Mo bọ̀wọ̀ fún Ọ̀gá akọrin, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ pé ẹni tí kò fi alápòótí bẹ̀rẹ̀ kò lè mọ gìtá kúrò nílẹ̀ ná, nítorí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Okùn mẹ́fà náà ni, orúkọ ohùn wọn kò yàtọ̀, ibi tí ìka ń dúró sí fún kọ́ọ̀dù (ohùn mélòó kan tí a ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) kò sì yí padà. Ohun tó yàtọ̀ ni bí ọwọ́ ṣe máa ń rí lára rẹ̀ àti irú orin tó bá a mu jù. Okùn gìtá oníná tín-ín-rín ju ti alápòótí onírin lọ: èyí tó kéré jù lára okùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń so mọ́ oníná jẹ́ ìdá 9 tàbí 10 nínú ẹgbẹ̀rún íńṣì, nígbà tí ti alápòótí sábà máa ń jẹ́ 11 tàbí 12. Okùn oníná tún máa ń sún mọ́ ọrùn jù, ọrùn náà sì máa ń tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí náà ọmọ tí ìka rẹ̀ kúrú yóò tètè mú kọ́ọ̀dù tí yóò gbà á lákòókò lórí alápòótí onírin.

Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín irú ìlò tó wà lọ́kàn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ohùn gìtá tó ń dá orin lóhùn, tó ń sáré láàárín ìlù nínú jùjú àti nínú orin ìyìn, ni ọkàn rẹ̀ fà sí, gìtá oníná ni yóò fún un ní ohun tó ń gbọ́ létí. Ẹgbẹ́ King Sunny Adé àti ti Ebenezer Obey kò fi gìtá kan ṣoṣo ṣeré: gìtá mélòó kan ló ń hun ara wọn, èyí ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ kékeré kan, èyí ń gbà á lẹ́nu rẹ̀, kí ohùn kọ̀ọ̀kan sì lè yọ gedegbe láàárín gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó ní láti jẹ́ ohùn oníná tó mọ́ tónítóní. Ìlù wa kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ àpótí tí kò ní ohun tó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè. Òun ló fà á tí Àyìndé Bákàrè, olórin jùjú àtijọ́, ní nǹkan bí ọdún 1949, fi so gbohùngbohùn kékeré mọ́ ara gìtá rẹ̀, tí jùjú sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìlù púpọ̀ sí i láìbẹ̀rù pé gìtá yóò rì.

Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú ẹni tó ṣáájú mi ni owó. Ẹni tó bá ra gìtá oníná kò tíì ra tán: amplifier ń bẹ, wáyà ń bẹ, owó àwọn méjèèjì sì lè tó ti gìtá fúnra rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Ẹ káàsán mà. Mo fẹ́ fi kún un pé iná kì í ṣe ìdènà tó bí a ṣe rò ó fún ìdánrawò nílé. Amplifier kékeré kan wà tí a máa ń ki bọ ihò gìtá tààrà, tí a ó sì fi gbohùn-sétí gbọ́ ọ. Bátìrì ló ń lò, kò sì ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ oorun. Inú họ́sítẹ́lì ni mo ti ń lò ó. Bí a bá sì ta gìtá oníná láìso ó mọ́ nǹkan kan, ohùn rẹ̀ kéré gan-an, ṣùgbọ́n ó tó fún ẹni tó ń kọ́ bí ìka ṣe ń rìn nínú yàrá tó parọ́rọ́. Ewu ibẹ̀ kan ni pé ènìyàn a máa fi agbára ta á jù kí ó lè gbọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ á sì le.

Atúngìtáṣe, Adó-Èkìtì

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo rí i pé a ti ń sọ̀rọ̀ alápòótí bí ẹni pé oríṣi kan ṣoṣo ni, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ òbí tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ti ń ṣìnà. Oríṣi méjì ni. Èkíní ni èyí tó ń lo okùn náílọ́nù: ọrùn rẹ̀ fẹ̀, nǹkan bíi mìlímítà 52 ní ibi tí ọrùn ti pàdé orí, okùn rẹ̀ rọ̀ lábẹ́ ìka, ohùn rẹ̀ sì tutù. Èkejì ni èyí tó ń lo okùn onírin: ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, nǹkan bíi mìlímítà 43 tàbí 44, ohùn rẹ̀ sì ń dún gooro, òun ló sì wọ́pọ̀ jù nínú ìjọ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so okùn onírin mọ́ gìtá tí a ṣe fún náílọ́nù nítorí pé ó fẹ́ kí ohùn rẹ̀ lọ sókè. Okùn náílọ́nù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń fa gìtá pẹ̀lú agbára bíi ti ẹrù kìlógíráàmù 40. Ti onírin ń fà á bíi ti kìlógíráàmù 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò kan igi tó lè gbà á sínú èkíní. Afárá rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láti ẹ̀yìn, ojú gìtá yóò wú, ọrùn yóò sì tẹ̀. Mo ní ọ̀kan lórí tábìlì báyìí tí afárá rẹ̀ ti fà tu pẹ̀lú èérún igi lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó ni ín sì rò pé gọ́ọ̀mù ni kò dára.

Bákan náà ni òdìkejì rẹ̀. Okùn náílọ́nù kò wúlò lórí gìtá oníná rárá, nítorí pé òòfà ni pickup rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń sọ gbígbọ̀n okùn di iná, pẹ̀lú wáyà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a wé mọ́ ọn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Irin tó bá gbọ̀n lókè òòfà náà ló ń mú kí agbára iná kékeré ṣàn nínú wáyà yẹn. Ọ̀rá tó bá gbọ̀n lókè rẹ̀ kò mú nǹkan kan ṣàn.

Fún ọmọ ọdún 13, bí ó bá ga níwọ̀n, gìtá tó tóbi tó ti àgbà yóò bá a mu, ṣùgbọ́n kí ó jókòó gbé e kí ẹ tó sanwó. Bí èjìká rẹ̀ ọ̀tún bá ń gòkè kí apá tó lè kọjá orí àpótí, àpótí náà ti tóbi jù, ẹ wá èyí tí ikùn rẹ̀ kéré.

Ẹlẹ́rọ ohùn ìjọ, Ìdó-Èkìtì

Mo fẹ́ kí a wo apá ìjọ nínú ìbéèrè yìí, torí pé níbẹ̀ ni ọmọ fẹ́ lò ó. Ọ̀pọ̀ ìjọ kò ní amplifier gìtá. Mixer, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń po ohùn pọ̀, àti spíkà ńlá ni wọ́n ní. Bí a bá so gìtá oníná mọ́ mixer tààrà, ohùn rẹ̀ a tín-ín-rín, á sì dàbí ẹni pé ó wà nínú agolo, nítorí pé ihò mixer kò bá irú iná tí pickup olóòfà ń fi ránṣẹ́ mu, àfi bí ẹ̀rọ kékeré tí a ń pè ní DI box bá wà láàárín wọn. Alápòótí tí a ti fi pickup àti amplifier kékeré sí láti ilé-iṣẹ́, èyí tí a mọ̀ sí semi-acoustic níbí, kò ní ìṣòro yẹn. Abẹ́ egungun afárá ni pickup tirẹ̀ wà, kì í ṣe òòfà, títẹ̀ àti gbígbọ̀n okùn ló ń yí padà sí iná, bátìrì vólítì 9 ló sì sábà máa ń gbé e. A so wáyà mọ́ ọn, a so wáyà mọ́ mixer, ó parí. Ohun tí Bákàrè fi gbohùngbohùn ṣe lọ́jọ́ náà ni wọ́n kàn mọ́ inú èyí. Nílé, láìsí wáyà, ó tún jẹ́ alápòótí. Fún ọmọ yìí, òun ni èmi yóò rà.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Bí ẹni tó ń ta á bá dúró síwájú spíkà, ohùn spíkà yóò mi àpótí, àpótí yóò tún rán an padà sí spíkà, gbogbo ìjọ yóò sì gbọ́ híhu burúkú. Irú híhu yìí wà lára ìdí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ gìtá oníná láti inú igi dídì tí kò ní ihò. Fender, ilé-iṣẹ́ gìtá ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta tirẹ̀ ní 1950. Kí ọmọ máa dúró sí ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ spíkà, kí ẹ sì ra ìdérí rọ́bà tí a fi ń dí ihò gìtá, ó ń ṣèrànwọ́ gan-an. Kí ó sì máa yọ wáyà kúrò lẹ́yìn ìlò, nítorí pé wáyà tó wà nínú ihò ni swíìṣì rẹ̀: bí a bá fi í sílẹ̀ síbẹ̀, bátìrì á máa ṣiṣẹ́ títí yóò fi kú.

Fún ẹni tó bá fẹ́ oníná síbẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún amplifier tòkunbọ̀. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá sábà máa ń jẹ́ vólítì 120, ti Japan sì máa ń jẹ́ 100. Tiwa jẹ́ 230 sí 240. Bí a bá ti ki í bọ iná wa láìsí ẹ̀rọ tó ń sọ vólítì kalẹ̀, èéfín ni yóò jáde lára rẹ̀.

Olùbéèrè, Ìjerò-Èkìtì

Ọlọ́run yóò bù kún yín. Mo bi ọmọ mi léèrè bí Olórin jùjú ṣe ní kí n bi í, ó sì ní kọ́ọ̀dù lòun fẹ́ fi máa gbé orin lẹ́sẹ̀, kí òun máa kọrin sí i, pé sísáré lórí okùn kò tíì sí lọ́kàn òun. Nítorí náà, ọkàn mi ti ń tẹ̀ sí semi-acoustic onírin. Mo fẹ́ lọ sí Adó lọ́jọ́ Sátidé. Kí ni kí n máa wò lára rẹ̀ nígbà tí èmi fúnra mi kò mọ gìtá í ta?

Òbí kan, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó dá arábìnrin lóhùn, ẹ bá mi fi tèmi kún un. Ọwọ́ òsì ni ọmọkùnrin mi ń lò. Ṣé mo lè ra gìtá tó wà nílẹ̀, kí n yí okùn rẹ̀ padà? Mo tún fẹ́ mọ bí a ṣe ń tọ́jú alápòótí lásìkò ọyẹ́, nítorí òkè tí a wà níbí, gbígbẹ rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Atúngìtáṣe, Adó-Èkìtì

Bàbá, ní ti ọwọ́ òsì, lórí gìtá oníná ó ṣeé ṣe bí a bá pààrọ̀ egungun ìpẹ̀kun ọrùn, tí a sì tún egungun afárá kọ̀ọ̀kan tò, àmọ́ àwọn bọ́tìnnì á wà níbi tí apá ti ń gbá wọn. Lórí alápòótí onírin kò rọrùn: egungun afárá rẹ̀ dà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ohùn lè pé, àwọn igi tí wọ́n kàn sábẹ́ ojú rẹ̀ kò sì dọ́gba lápá méjèèjì. Bí a bá kàn yí okùn padà lásán, ohùn kò ní pé. Ẹ wá èyí tí a ṣe fún ọwọ́ òsì láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ kò bá sì tíì bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ jẹ́ kí ó gbé ti ọwọ́ ọ̀tún wò ná. Àwọn ọlọ́wọ́ òsì kan wà tó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Ní ti ọyẹ́, igi gìtá fẹ́ ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bíi 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Lásìkò ọyẹ́ ó máa ń já wálẹ̀ gan-an, igi a sún kì, etí irin fret (àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn) a yọ jáde bí ẹ̀gún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, ojú gìtá sì lè là. Ẹ gé kànìnkànìn, ẹ rì í sómi, ẹ fún un dáadáa kí ó má kán, ẹ fi í sínú ike ọṣẹ tí ẹ ti lu ihò sí, kí ẹ sì gbé e sínú báàgì pẹ̀lú gìtá. Gìtá tí ojú rẹ̀ jẹ́ pátákó gidi kan ṣoṣo ló ń jìyà ọyẹ́ jù. Èyí tí wọ́n fi pílíwúùdù ṣe ń fara dà á, ohùn rẹ̀ ni kò jinlẹ̀ tó. Fún ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀, tí yóò máa gbé e lọ gbé e bọ̀, èmi kò rí ohun tó burú nínú pílíwúùdù. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà lóòrùn. Gọ́ọ̀mù a rọ̀, afárá a sì ṣí.

Arábìnrin, ní ti Sátidé, ẹ kò nílò láti mọ gìtá í ta. Ẹ gbé ìdí rẹ̀ sí ejìká bí ẹni tó ń wo pátákó bóyá ó tọ́, kí ẹ fi ojú kan wo ọrùn rẹ̀ láti orí dé àpótí. Ó lè tẹ̀ díẹ̀ sí iwájú, ìyẹn dára. Bí ó bá lọ́ bí okùn tí a fún, ẹ gbé e kalẹ̀. Ẹ wá ka irin fret dé ìkejìlá, kí ẹ wo bí okùn ṣe jìnnà sí i tó. Lórí alápòótí onírin, mìlímítà 2 sí 2.5 lábẹ́ okùn tó nípọn jù ni mo máa ń ṣe é sí. Bí ó bá tó 4, ìka ọmọ yóò sunkún, àfi kí wọ́n tún un ṣe kí ẹ tó gbà á. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fa okùn kan láìtẹ̀ ẹ́, kí ó tún tẹ okùn yẹn ní fret ìkejìlá, kí ó fà á. Ohùn kan náà ló yẹ kí ẹ gbọ́, èkejì ga, èkíní rẹlẹ̀, bí ohùn obìnrin àti ọkùnrin tó ń kọ orin kan náà. Bí wọn kò bá bára mu, gbogbo kọ́ọ̀dù tí ọmọ bá mú lókè ọrùn ni yóò máa dún ṣákálá, yóò sì rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n ta. Ẹ fi àtàńpàkò tẹ ẹ̀yìn afárá, kí ẹ rí i pé àlàfo kankan kò sí láàárín òun àti ojú gìtá.

Ẹ ra okùn tín-ín-rín, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 11 tàbí 10, kí wọ́n so ó mọ́ ọn lójú yín. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fi wáyà so gìtá mọ́ amplifier, kí wọ́n fa okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà níkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú agbára kan náà. Bí okùn kan bá kú ju àwọn yòókù lọ, egungun afárá ni kò jókòó dáadáa lórí pickup. Kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi pépà iyanrìn tún ìdí rẹ̀ ṣe títí yóò fi tẹ́jú, kí wọ́n dá a padà, kí wọ́n sì tún un fà fún yín gbọ́.